Bí Ẹrù Tírélà Ṣe Ń Kúrò Lọ́wọ́ Awakọ̀ Kan Bọ́ Sọ́wọ́ Èkejì

Kókó tí wọ́n dì sínú tírélà nílùú Oǹdó lè má wà lọ́wọ́ awakọ̀ kan ṣoṣo títí dé èbúté Àpápá. Ẹ́ńjìnnì lè kọṣẹ́ kí ọkọ̀ tó dé Òrè, níbi tí ọ̀nà Oǹdó ti bọ́ sí òpópó Èkó sí Benin. Ó sì lè jẹ́ pé olówó ọkọ̀ ti ṣètò rẹ̀ ṣáájú: kí ẹnìkan gbé e dé Òrè, kí ẹni tó mọ wàhálà èbúté dunjú gbà á níbẹ̀. Bí àpò bá wá dín ní Àpápá, ìbéèrè kan ni gbogbo ẹnu yóò kó lé lórí: ìgbà wo gan-an ni ẹrù kúrò lọ́rùn ẹni àkọ́kọ́?

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà gbé ẹrù fún awakọ̀ mìíràn. Hẹ́ẹ̀dì, níbi tí ẹ́ńjìnnì àti awakọ̀ wà, ṣeé yọ kúrò lára bọ́dì tó ru ẹrù. Hẹ́ẹ̀dì kan lè já bọ́dì sílẹ̀ kí òmíràn wá fà á lọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àpò. Bí bọ́dì fúnra rẹ̀ bá bàjẹ́ ńkọ́? Kíkó ni wọ́n máa kó ẹrù sínú ọkọ̀ mìíràn, pẹ̀lú owó alábàárù, àpò tó ń ya, àti ọjọ́ tó ń lọ.

Àwọn awakọ̀ Amẹ́ríkà ń pe jíjá bọ́dì kan sílẹ̀ láti gbé òmíràn ní drop and hook. Hẹ́ẹ̀dì tí kò fa bọ́dì kankan jẹ́ bobtail lẹ́nu wọn. Lọ́dọ̀ wa, hẹ́ẹ̀dì lásán ni. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ó rọrùn wà nítorí pé ó fúyẹ́ o. Ọkọ̀ tó ru ẹrù ni wọ́n ṣe bírẹ́ẹ̀kì rẹ̀ fún. Bí òjò bá rọ̀, táyà ẹ̀yìn máa ń tètè yọ̀.

Kí wọ́n tó já bọ́dì sílẹ̀, ilẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Ẹsẹ̀ irin méjì ni bọ́dì fi ń dúró níwájú. Lórí ilẹ̀ pupa tí òjò ti rin, ẹsẹ̀ náà á wọlẹ̀, imú bọ́dì á tẹ̀, hẹ́ẹ̀dì tó ń bọ̀ kò sì ní ríbi wọ abẹ́ rẹ̀. Pákó tó nípọn ni oògùn rẹ̀. Wọ́n á fa bírẹ́ẹ̀kì bọ́dì, wọ́n á fi igi há táyà, wọ́n á yí ẹsẹ̀ títí yóò fi kanlẹ̀ dáadáa, wọ́n á yọ họ́ọ̀sì afẹ́fẹ́ àti wáyà iná, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó fa irin tó ń tú ìdè tó so bọ́dì mọ́ hẹ́ẹ̀dì. Awakọ̀ tó gbàgbé họ́ọ̀sì yóò fà á já. Èyí tó gbàgbé ẹsẹ̀ yóò gbọ́ bí imú bọ́dì ṣe máa lu ilẹ̀.

Níbi fífà ni àṣìṣe tó burú jù ti ń wáyé. Abẹ́ bọ́dì ní irin róbótó kan, kíńgípìn, tó ń wọ ẹnu tọ́ọ̀ntébù, irin pẹrẹsẹ tó wà lẹ́yìn hẹ́ẹ̀dì tí bọ́dì ń gbé lé. Bí bọ́dì bá ga jù, kíńgípìn á gun orí tọ́ọ̀ntébù dípò kó wọ ẹnu rẹ̀. Yóò dún bí ẹni pé ó ti kọ́, àmọ́ ìdè kò pa dé. Ìdí nìyí tí awakọ̀ fi ń fà á síwájú díẹ̀ nígbà tí bírẹ́ẹ̀kì bọ́dì ṣì di táyà mú, tí yóò sì sọ̀ kalẹ̀ fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń ríbi kọjá láàárín bọ́dì àti tọ́ọ̀ntébù, kò tíì wọ̀ nìyẹn. Họ́ọ̀sì pupa ló ń gbé afẹ́fẹ́ tó ń tú bírẹ́ẹ̀kì bọ́dì. Bó bá já lójú ọ̀nà, bírẹ́ẹ̀kì á di táyà mú lójijì. Bó bá jẹ́ kọntéénà ló wà lórí bọ́dì, awakọ̀ tuntun ní láti fọwọ́ ara rẹ̀ yẹ ìdè igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó dè é mọ́ bọ́dì wò.

Ó wá ku ẹrù. Àpò kókó kan jẹ́ kílò 62.5, èyí tó fi jẹ́ pé àpò 16 ló ń pé tọ́ọ̀nù kan. 30 tọ́ọ̀nù jẹ́ àpò 480. Símẹ́ńtì tó ń bọ̀ wá sí Àkúrẹ́ yàtọ̀: kílò 50 ni tirẹ̀, nítorí náà àpò 600 ló ń jẹ́ 30 tọ́ọ̀nù. Níbi pípààrọ̀ hẹ́ẹ̀dì, kò sẹ́ni tó lè ka àpò 480 lábẹ́ tàpólì. Nítorí náà, kí ẹni tó ń gbà á má kọ ọ́ sórí wébìlì, ìwé tó ń bá ẹrù rìn, pé òun gba àpò 480. Ohun tó fojú rí ni kó kọ: bọ́dì, nọ́ńbà síìlì (èdìdì ẹrù) tí kò já, okùn àti tàpólì tí kò tú, ọjọ́ àti aago.

Bó bá jẹ́ kíkó, ẹni méjì ní ń kà: ọ̀kan lẹ́nu ọkọ̀ tó ń já, èkejì lẹ́nu ọkọ̀ tó ń dì. Ní àádọ́ta-àádọ́ta àpò ni kí wọ́n ti máa fi iye wé ara wọn. Bí wọ́n bá dúró dìgbà tí ẹrù tán kí wọ́n tó rí i pé iye kò bára mu, àfi kí wọ́n tún un já. Àpò tó rin ń lọ sọ́tọ̀, nítorí kókó tí omi inú rẹ̀ bá ju ìdá 8 nínú 100 lọ máa ń bu, yóò sì fi èbu ran àwọn tó wà nítòsí rẹ̀. Èyí tó ya, wọ́n á rán an. Kókó tó dà sílẹ̀ á wọ àpò tirẹ̀, wọn kò ní dà á pọ̀ mọ́ èyí tó mọ́.

Nọ́ńbà hẹ́ẹ̀dì tuntun gbọ́dọ̀ wọ wébìlì, kí àwọn awakọ̀ méjèèjì sì fọwọ́ sí i, torí ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá ìwé mu yóò pẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹni àkọ́kọ́ ní láti mú ẹ̀dà kan dání padà: òun ni yóò fi béèrè ìyókù owó rẹ̀ lọ́wọ́ olówó ọkọ̀, nítorí pé ìwé tí wọ́n máa fọwọ́ sí ní Àpápá, ọwọ́ ẹnìkejì ló máa wà.