Kí ló dé tí Àǹgólà fi ń gba ife hándíbọ́ọ̀lù obìnrin Áfíríkà léraléra?

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé Àǹgólà nìkan ló ń gba ife yìí?

Ìdáhùn: Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1974 ni ìdíje náà bẹ̀rẹ̀, Tùnísíà ló sì kọ́kọ́ gbà á. Kóńgò ti Brazzaville gbà á lẹ́ẹ̀mẹrin tẹ̀léra láti 1979 títí dé 1985. Àǹgólà kò rí i gbà àfi ní 1989, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ife 16 ni wọ́n ti kó lọ sílé. Láti 1998 sì rèé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ìyẹn ní 2014 tí Tùnísíà gbà á.

Ìbéèrè: Owó epo ni, àbí kí ni?

Ìdáhùn: Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ nìyẹn. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́: Sonangol, ilé-iṣẹ́ epo ìjọba, ló wà lẹ́yìn ẹgbẹ́ Petro de Luanda. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà náà ní epo, a ò sì rí irú èyí. Ẹ tún wo ọdún tí wọ́n ń gba àwọn ife wọ̀nyẹn. Ogun abẹ́lé jà ní Àǹgólà láti 1975 títí di 2002. Inú ogun yẹn ni wọ́n ti gba ti 1989, 1992, 1994, 1998 àti 2000. Orílẹ̀-èdè tó rọ̀ṣọ̀mù kọ́ ló bí ẹgbẹ́ yìí.

Lójú tèmi, ìlú Luanda àti ẹgbẹ́ méjì inú rẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà: Petro, àti Primeiro de Agosto tó jẹ́ ti àwọn ológun. Àwọn méjèèjì kì í gbà fún ara wọn, wọ́n sì ti pín ife àwọn ẹgbẹ́ obìnrin Áfíríkà mọ́ra wọn lọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Inú wọn ni wọ́n ti ń ṣa ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọ tó ń gbá fún orílẹ̀-èdè. Nígbà tí àwọn mìíràn ń kó agbábọ́ọ̀lù jọ láti oríṣiríṣi ibi nígbà tí ìdíje bá kù díẹ̀, àwọn ti Àǹgólà ti mọ ọwọ́ ara wọn tipẹ́. Aṣọ́lé mọ bí àwọn tó wà níwájú rẹ̀ yóò ṣe dí ọ̀nà, ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù sì mọ ibi tí ẹnìkejì rẹ̀ yóò sá sí. Nínú eré tí èèyàn méje péré wà lórí pápá fún ẹgbẹ́ kan, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ìbéèrè: Tí wọ́n bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọn ò tíì gba ife àgbáyé?

Ìdáhùn: Ibi tó dùn mí nìyí. Ipò keje ní Fáránsé lọ́dún 2007 ni wọ́n dé. Yúróòpù ló di ife yẹn mú. Láti 1957 tó ti bẹ̀rẹ̀, Kóríà Gúúsù ní 1995 àti Bràsíl ní 2013 nìkan ló tíì gbà á lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọmọ Nọ́wè tàbí Dẹ́nmáàkì máa ń pàdé alátakò tó le nínú líìgì wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ní Áfíríkà ńkọ́? Àṣekágbá 2016 ní Luanda parí sí 36–17, Tùnísíà ló sì jìyà ọ̀hún! Ta ni yóò wá dán irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wò kó tó dé òkè òkun?

Síbẹ̀, ẹ má fojú kéré wọn. Níbi ìdíje Òlíńpíìkì ní Rio lọ́dún 2016, Àǹgólà na Rùmáníà 23–19, Rùmáníà tí Cristina Neagu, gbajúgbajà agbábọ́ọ̀lù nì, wà nínú rẹ̀. Teresa Almeida tí wọ́n ń pè ní Bá ló ń ṣọ́lé, gbogbo èrò sì fẹ́ràn rẹ̀. Rọ́ṣíà tó padà gba góòlù ló lé wọn jáde. Lẹ́yìn náà ni Àǹgólà gba Morten Soubak ṣe olùkọ́ni, ará Dẹ́nmáàkì tó kọ́ Bràsíl gba ife àgbáyé 2013.

Ìbéèrè: Kí ló fà á tí ìdíje Áfíríkà fi wáyé ní 2021, tó tún wáyé ní 2022, láìdúró ọdún méjì?

Ìdáhùn: Kòrónà ló sún ti 2020 síwájú di 2021.

Ìbéèrè: Ṣé ẹnikẹ́ni lè dá wọn dúró báyìí?

Ìdáhùn: Kamẹrúùnù dé àṣekágbá ní 2021 àti 2022, wọn ò rí i gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yaoundé ni wọ́n ti gbá ti 2021. Sẹ̀nẹ̀gà ni mo ń wò. Wọ́n bá Àǹgólà dé àṣekágbá ní 2018 àti ní Kinshasa lọ́dún 2024, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn ló sì ń gbá ní Fáránsé. Àǹgólà, Sẹ̀nẹ̀gà, Tùnísíà àti Íjíbítì ló lọ ṣojú Áfíríkà níbi ìdíje àgbáyé 2025 ní Jámánì àti Netherlands.