Báwo ni ọkọ̀ onígbòkun kékeré ṣe mú kí ọkọ̀ ńlá rì? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí Lady Elgin

Ní òru mọ́jú ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1860, ọkọ̀ onígbòkun Augusta forí sọ ọkọ̀ èrò Lady Elgin lórí adágún Michigan ní Amẹ́ríkà. Lady Elgin fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ìlọ́po méjì Augusta, síbẹ̀ òun ló rì. Nǹkan bí 300 ènìyàn ló bá a lọ. Augusta ní tiẹ̀ gúnlẹ̀ sí Chicago.

Irú ọkọ̀ wo ni Lady Elgin?

Ọkọ̀ onípákó tó ń fi agbára sítíìmù rìn ni. Buffalo ni wọ́n ti kàn án lọ́dún 1851, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 252. Kẹ̀kẹ́ ńlá kọ̀ọ̀kan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì tó ń fi wa omi.

Àwọn wo ló wà nínú rẹ̀?

Àwọn ọmọ Ireland tó ń gbé àdúgbò Third Ward ní Milwaukee, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ló pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ ẹrú ló gbé wọn dé orí omi lọ́jọ́ náà. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n máa dá ẹrú tó bá sá padà fún olówó rẹ̀, àmọ́ ìpínlẹ̀ Wisconsin kọ̀ jálẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ wá bi àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ ológun abẹ́lé léèrè pé ẹ̀yìn ta ni wọ́n máa wà bí ọ̀rọ̀ bá di ìjà. Garrett Barry, ọ̀gá Union Guard, ẹgbẹ́ ológun àwọn ọmọ Ireland náà, fèsì pé ìjọba àpapọ̀ lòun máa tẹ̀ lé. Gómìnà Randall bá gba ìbọn ọwọ́ wọn. Kí wọ́n lè rówó ra òmíràn ni wọ́n ṣe ṣètò ìrìn fàájì lọ sí Chicago.

Báwo ni ọkọ̀ méjèèjì ṣe pàdé?

Ó ti kọjá aago mọ́kànlá alẹ́ kí Lady Elgin tó kúrò ní Chicago. Ìjì ń jà, òjò ń rọ̀, mànàmáná ń kọ. Augusta ń bọ̀ lódìkejì pẹ̀lú ẹrù pákó. Àwọn atukọ̀ rẹ̀ ti rí iná Lady Elgin tipẹ́, wọn ò sì yà títí ó fi sún mọ́ tòsí. Àwọn ti Lady Elgin ní tiwọn kò lè tètè rí Augusta, torí pé òfin ìgbà náà kò fipá mú ọkọ̀ onígbòkun láti tan irú iná tí ọkọ̀ onísítíìmù ń tàn. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ikú ti wọlé.

Imú Augusta gún Lady Elgin ní ẹ̀gbẹ́ òsì, nítòsí kẹ̀kẹ́ ńlá yẹn. Imú ni ọkọ̀ ti máa ń le jù, ẹ̀gbẹ́ sì ni kò lágbára. Ìyẹn ni bí títóbi Lady Elgin kò ṣe gbà á.

Kí ló dé tí Augusta kò dúró?

Kápítẹ̀nì Malott rò pé ọkọ̀ tòun ló fẹ́ rì, nítorí iwájú rẹ̀ ti fọ́. Ó rí i pé Lady Elgin ń bá ìrìn rẹ̀ lọ, ó gbà pé kò fara pa púpọ̀. Ẹ̀rù tó bà á kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n mi ò lè gbà pé èèyàn lè kọ lu ọkọ̀ tí èrò kún inú rẹ̀ lóru kó má yíjú wò ó.

Kí ni àwọn tó wà nínú Lady Elgin ṣe láti doólà ara wọn?

Kápítẹ̀nì Jack Wilson ní kí wọ́n dorí ọkọ̀ kọ èbúté. Wọ́n ń da ẹrù sómi, wọ́n ń lé màlúù sómi, kí ẹ̀gbẹ́ tó lu lè gbé sókè díẹ̀. Wọ́n ń ki bẹ́ẹ̀dì bọ ojú ihò náà. Kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ tí ọkọ̀ fi fọ́ sábẹ́ wọn. Onílù kan di ìlù ńlá rẹ̀ mú, òun ló gbé e léfòó títí ó fi dé ilẹ̀. Òrùlé ọkọ̀ tó já kúrò di ohun tí ọ̀pọ̀ gùn lé, Wilson náà sì wà lára wọn.

Ṣé òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ kú nígbà tí wọ́n ti ń wo ilẹ̀?

Òótọ́ ni, apá yìí ló sì dùn mí jù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, afẹ́fẹ́ ti gbá wọn dé itòsí Winnetka, ìlú kan létí adágún náà. Ìgbì tó ń fọ́ létí omi ń dojú pákó tí wọ́n gùn dé, omi tó ń padà sẹ́yìn sì ń fà wọ́n sísàlẹ̀. Wilson kú síbẹ̀ níbi tó ti ń gba àwọn ẹlòmíràn là. Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Edward Spencer, so okùn mọ́ ìbàdí, ó ń wọnú ìgbì lọ, ó ń bọ̀. Pákó àfọ́kù ń gbá a lórí, kò sinmi. Ènìyàn 17 ló fà jáde. Nígbà tí kò lágbára mọ́, ohun tó ń béèrè ni pé ṣé òun sa gbogbo ipá òun.

Ṣé òfin yí padà?

Ó yí padà, ṣùgbọ́n kò yá. Ọdún 1864 ni ilé aṣòfin Amẹ́ríkà tó sọ ọ́ di dandan pé kí ọkọ̀ onígbòkun náà tan iná lóru: àwọ̀ ewé ní ọ̀tún, pupa ní òsì. Wọn ò dá Malott lẹ́bi ọ̀ràn kankan. Iye ẹni tó kú gan-an ò sì ṣeé kà, torí pé ìwé orúkọ àwọn èrò bá ọkọ̀ lọ sísàlẹ̀ omi.