Kí ló mú àgbébọ̀ kọ bí àkùkọ?

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, bí àgbébọ̀ bá kọ nínú àgbàlá, ọ̀bẹ ni ọ̀pọ̀ ilé máa ń kọ́kọ́ wá. Wọ́n á ní àmì aburú ni. Ní tèmi tí mò ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn, àìsàn ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí.

Àpò ẹyin apá òsì nìkan ló ń dàgbà lára adìẹ. Ti ọ̀tún kì í ju kékeré lọ. Ti òsì yìí ló ń da họ́mọ̀nù abo (họ́mọ̀nù ni èròjà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé káàkiri láti jíṣẹ́ fún ara) sínú ẹ̀jẹ̀. Bí kókó tàbí àrùn bá bà á jẹ́, họ́mọ̀nù abo á dín kù, ti ọ̀tún lè wá wú, kó di ohun tó jọ kóró ẹpọ̀n, kó sì máa tú testosterone, họ́mọ̀nù akọ, jáde. Ẹ wo orí adìẹ náà: ogbe rẹ̀ á nípọn, á pọ́n yòò. Kò ní yé mọ́. Bó bá pa ìyẹ́ dà, ìyẹ́ tuntun lè jọ ti akọ. Bó ṣe máa na ọrùn nìyẹn, tí á fi ohùn tó há kọ bí ọmọ àkùkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán an wò.

Berthold, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Göttingen nílẹ̀ Jámánì, tẹ àwọn ọmọ àkùkọ lọ́dàá, ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀ ní 1849. Àwọn tí kò ní kóró mọ́ kò kọ, wọn kò jà, ogbe wọn sì rún mọ́lẹ̀. Àwọn tó gbé kóró sí níkùn padà, tó ti já kúrò lára iṣan ìmọ̀lára rẹ̀ àtijọ́, di àkùkọ gidi. Ẹ̀jẹ̀ ló jíṣẹ́.

Ọpọlọ ló jẹ́ ẹ fún. Kíkọ ti wà níbẹ̀ láti ìbí: àkùkọ tó dití ń kọ bí ẹgbẹ́ rẹ̀, kò dà bí odídẹrẹ́ tó gbọ́dọ̀ gbọ́ kó tó wí. Wọ́n ti fún òròmọdìẹ ní testosterone rí, ó sì kọ. Aago tó ń sọ ìgbà tí àkùkọ máa kọ náà wà nínú ara rẹ̀. Ní 2013, àwọn onímọ̀ nílẹ̀ Japan ti àkùkọ mọ́ inú iná bàìbàì tí kì í yí padà, ó ṣì ń kọ lásìkò. Wọ́n tún rí i lẹ́yìn náà pé ọ̀gá agbo ló ń kọ́kọ́ kọ, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e nípò-nípò. (Adìẹ mọ àgbà ju àwọn ọmọ kan lọ.)

Níbi tí kò bá ti sí àkùkọ, àgbébọ̀ tó ń jẹ gàba lórí àwọn yòókù lè kọ láìsí àrùn. Nítorí náà ẹ ṣọ́ ìtẹ́ rẹ̀. Bó bá ti ṣíwọ́ yíyé, tó ń rù tàbí tí ikùn rẹ̀ wú, ẹ gbé e lọ fún dókítà ẹran, kí ẹ má sì pa á jẹ kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò.