"Wọ́n béèrè yín": ibi tí "ask" ti ń da ọ̀rọ̀ rú

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá aláàdìrẹ kan gbéra láti Ìtòkú wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Kútọ̀, nílùú Abẹ́òkúta, níbi tí mo ti ń bá èèyàn kọ lẹ́tà. Kò tíì jókòó tó fi na fóònù rẹ̀ sí mi. Oníbàárà rẹ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ń ṣàìsàn, Màámi sì kọ̀wé sí ọmọ oníbàárà náà pé: "I asked of your mother." Ọmọ fèsì pé: "What did you ask of her?"

"Tíṣà, ẹ gbà mí! Àlàáfíà ìyá rẹ̀ ni mo béèrè o. Ó wá ń bi mí pé kí ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ ìyá òun!"

Mi ò lè bá Màámi wí. Tí a bá ní "wọ́n béèrè yín", gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n ń kí ni. Béèrè kan náà la fi ń béèrè ọ̀nà, òun la fi ń béèrè owó, òun la sì fi ń béèrè èèyàn. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kékeré tó bá tẹ̀ lé "ask" ló ń sọ èyí tó jẹ́. "Ask Bọ́lá": bi Bọ́lá léèrè. "Ask for Bọ́lá": o dé ẹnu ọ̀nà, o ní Bọ́lá lo wá rí. "Ask after Bọ́lá": ṣé ara rẹ̀ le? Èyí gan-an ni Màámi ń wá. Ṣùgbọ́n tí "of" bá wọ ibẹ̀, ohun tí o fẹ́ kí Bọ́lá ṣe tàbí kó fi sílẹ̀ lò ń sọ, ó sì sábà máa ń wúwo. "That is too much to ask of a child": ẹrù yẹn ju orí ọmọdé lọ.

Ẹ ṣọ́ "for" náà tó bá di ọ̀rọ̀ owó. "Ask him the price" ni pé kó dárúkọ iye ọjà. "Ask him for the money" ni pé kó san án.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ti ọ̀wọ̀. "Ìyá mi ní kí ẹ wá": "ẹ" yẹn ti kúnlẹ̀ kí ọmọ tó parí ọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò ní "ẹ". Tí ọmọ bá wá sọ fún àgbàlagbà pé "My mother said you should come", ó ti di àṣẹ, ọmọ tí a kọ́ dáadáa á sì dà bí aláìlẹ́kọ̀ọ́. "My mother asks if you could come" ló gbé ìkúnlẹ̀ yẹn dání.

Ìdí nìyí tí mi ò fi ń jẹ́ kí "demand" wọ lẹ́tà ẹnikẹ́ni tó ń tọrọ nǹkan. Ẹni tó gbà pé ẹ̀tọ́ òun ni, tí sùúrù rẹ̀ sì ti tán, ló ni ọ̀rọ̀ yẹn. Òun ni lọ́yà ń kọ sí onígbèsè. Ẹni tó ń wá ìsinmi ọjọ́ 5 lẹ́nu iṣẹ́ kò gbọdọ̀ bá ọ̀gá rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. "Request" ló yẹ ẹ́, àmọ́ kó má kọ "I request for five days' leave", bí mo ṣe ń rí i nínú lẹ́tà tó ń lọ sí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ní Òkè-Mọ́sàn lójoojúmọ́. "I request five days' leave" ti tó. "My request for leave" ni "for" ti láyè.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má sì na ọmọ tó bá pe "ask" ní "aks". Nínú Májẹ̀mú Tuntun tí William Tyndale túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, tó sì tẹ̀ jáde lọ́dún 1526, "Axe", ìyẹn "aks" yẹn gan-an, ló wà níbi tí tiwa ti ní "Béèrè, a ó sì fi fún yín". Ẹ kàn jẹ́ kó mọ bí a ṣe ń kọ ọ́ lónìí.

Èmi àti Màámi tún un kọ: "I was asking after your mother. How is she today?" Kò tíì dá fóònù padà sínú báàgì tí ọmọ náà fi pè é.