Crosswind: Afẹ́fẹ́ Tó Ń Ti Ẹ̀gbẹ́ Lu Bàlúù

Bàlúù kékeré lè balẹ̀ tán, kó sáré díẹ̀ lórí rọ́nwéè, kó wá ṣàdédé yà wọ igbó. Ẹni tó ń wò ó á ní táyà ló bẹ́ tàbí bírékì ló já. Afẹ́fẹ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà.

Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ bọ̀ láti iwájú kì í bá bàlúù jà, ṣe ló ń jẹ́ kó lè rọra balẹ̀. Èyí tó ń ti ẹ̀gbẹ́ wá ni àwọn awakọ̀ òfuurufú ń pè ní crosswind. Bó bá ṣe dábùú tó ni yóò ṣe lágbára tó. Ẹ jẹ́ ká mú rọ́nwéè 18 ní Ìkẹjà, tó dojú kọ gúúsù, nǹkan bíi 180 dígírì. Bí afẹ́fẹ́ 20 knot (knot ni wọ́n fi ń wọn eré afẹ́fẹ́) bá ń fẹ́ bọ̀ láti 210 dígírì, ìdajì rẹ̀, 10 knot, ló ń ti bàlúù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti 240 dígírì, ó ti di nǹkan bíi 17.

Ìwé atọ́nà Cessna 172S, bàlúù kékeré kan, kọ 15 knot fún crosswind, ìyẹn bíi kìlómítà 28 ní wákàtí kan. Ọ̀pọ̀ ló rò pé òfin ni. Rárá o, afẹ́fẹ́ tí awakọ̀ onírìírí fi dán bàlúù náà wò ni. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 15 dáadáa.

Lójú òfuurufú, awakọ̀ á kọ imú bàlúù síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, bí atukọ̀ ṣe ń kọjú ọkọ̀ sókè odò kí omi má baà gbé e lọ. Ṣùgbọ́n táyà kò lè fẹ̀gbẹ́ sáré. Bó bá kanlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ bàlúù lè kán. Kó tó kanlẹ̀, awakọ̀ á fẹsẹ̀ ti rudder, ìyẹn abala ìrù tó ń yí imú bàlúù, kí imú lè tọ́, á sì jẹ́ kí apá tó wà níhà afẹ́fẹ́ lọ sílẹ̀ díẹ̀. Táyà ìhà yẹn ló yẹ kó kọ́kọ́ kanlẹ̀.

Ìgbà tí táyà bá wá dún nílẹ̀ gan-an ni ewu ń bẹ̀rẹ̀. Ọkàn awakọ̀ á balẹ̀, á tú ọwọ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ṣì ń ti ìrù tó dúró gbọnrangandan lẹ́yìn. Imú á yí síhà afẹ́fẹ́, apá ìhà ibẹ̀ á gbéra, èkejì á họ ilẹ̀. Bí eré ṣe ń dínkù, bẹ́ẹ̀ ni ìdarí ń rọ. Ṣe ni kó túbọ̀ máa yí ọwọ́ ìdarí síhà afẹ́fẹ́ títí yóò fi dópin. Bàlúù tí táyà kékeré rẹ̀ wà lábẹ́ ìrù ló le jù. Ẹ̀yìn táyà ńlá méjèèjì ni ìwúwo rẹ̀ wà, bí ìrù bá ti yà, ìwúwo yẹn á gbé e yípo. Ground loop nìyẹn.

Bí ẹsẹ̀ bá ti ti rudder dópin, tí imú kò sì tọ́, afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà ti ju bàlúù lọ. Kí awakọ̀ fún ẹ́ńjìnnì lágbára, kó gbéra padà, kó lọ wá rọ́nwéè tó dojú kọ afẹ́fẹ́.