Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Rímù Ńlá Lábẹ́ Ọkọ̀ Asáré

Ní Òṣogbo lónìí, ọ̀dọ́ tó bá ra Golf GTI tàbí Honda Civic tòkunbọ̀ kì í pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá rímù tó tóbi ju èyí tí ọkọ̀ náà gbé wọ̀lú lọ. Ọ̀pọ̀ àgbà ka àṣà yìí sí fáàrí, àwọn ọ̀dọ́ náà kì í sì í bá wọn jiyàn títí, nítorí pé ojú ni púpọ̀ nínú wọn fi ń yan rímù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe fáàrí ló kọ́kọ́ sọ rímù di ńlá lábẹ́ ọkọ̀ asáré. Bíréèkì ló béèrè àyè, táyà sì yọ̀ǹda díẹ̀ nínú ara rẹ̀ fún un.

Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò kéré nígbà tó kọ́kọ́ dé. Ford Model T tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1908 ń wọ táyà tó ga tó 30 íǹṣì láti ilẹ̀ dé òkè. Bí a bá yọ sísanra táyà ẹ̀yìn kúrò, tó jẹ́ íǹṣì mẹ́ta àbọ̀ lókè àti nísàlẹ̀, rímù tó kù jẹ́ 23 íǹṣì, èyí tó ju ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ olówó gọbọi òde òní lọ. Kì í ṣe nítorí eré. Erùpẹ̀ àti ipa kẹ̀kẹ́ ẹṣin ló kún ojú ọ̀nà ìgbà náà, ẹsẹ̀ tó ga kì í sì í tètè rì sí kòtò. Bí ọ̀dà ṣe ń dé ojú títì ni àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, tí rímù sì ń kéré sí i, títí Alec Issigonis, ẹni tó ya àwòrán ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní Mini, fi fi rímù 10 íǹṣì péré sábẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1959, kí àyè lè gba èrò inú ọkọ̀. Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kaduna láti ọdún 1975, tí àwọn bàbá wa fi ń ná Òṣogbo sí Ìbàdàn, rímù 14 íǹṣì ló ń lò, kò sì sí ẹni tó sọ pé ó kéré.

Bíréèkì ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ní ọdún 1953, ọkọ̀ Jaguar C-type tó ń lo bíréèkì onídísìkì tí Dunlop ṣe gba ipò kìíní nínú ìdíje wákàtí 24 ní Le Mans nílẹ̀ Faransé, lẹ́yìn ìgbà náà ni dísìkì, àwo irin tó ń bá ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí, sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò dúrọ́ọ̀mù, bíréèkì àtijọ́ tó rí bí ìlù, lábẹ́ ọkọ̀ asáré. Inú rímù ni dísìkì ń gbé, òun àti kálípà tó gbá a mú. Nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lórí eré, gbogbo eré náà ń di ooru ni, dísìkì ló sì ń gba ooru náà sára. Bó bá ṣe fẹ̀ tó ló ṣe lè dá ọkọ̀ dúró tó láìgbóná jù. Rímù kékeré kò gbà á láyè. Mini kan náà lè jẹ́rìí sí i: dísìkì tí wọ́n rí fi sínú rímù 10 íǹṣì Mini Cooper ní ọdún 1961 kò ju íǹṣì méje lọ, nígbà tí wọ́n sì fẹ́ dísìkì tó lé ní íǹṣì mẹ́jọ ní ọdún 1984, àfi ìgbà tí wọ́n gbé rímù 12 íǹṣì wá.

Ti rímù àlọ́ì, ìyẹn èyí tí wọ́n fi irin fífúyẹ́ bí alumíníọ́ọ̀mù ṣe, tilẹ̀ ti ṣáájú èyí. Ettore Bugatti ló fi rímù alumíníọ́ọ̀mù tí wọ́n dà, tó ní apá pẹlẹbẹ mẹ́jọ, sábẹ́ Type 35 rẹ̀ ní ọdún 1924, tí dúrọ́ọ̀mù bíréèkì sì wà lára rímù náà. Ohun tó ń wá ni kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ fúyẹ́. Ẹ̀wà tó bá a dé, èrè orí ọjà ni.

Táyà ni ìkejì. Michelin gba ìwé àṣẹ lórí táyà rédíà, èyí tí okùn inú rẹ̀ dábùú láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ní ọdún 1946, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní ọdún 1949. Táyà náà ń di ilẹ̀ mú dáadáa, kì í sì í tètè jẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rọ̀: bí ọkọ̀ bá fi eré wọ kọ́nà, rímù á ti yà, ojú táyà á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bọ̀ lẹ́yìn. Láti mú ìfà-sẹ́yìn yìí kúrò ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹ̀gbẹ́ táyà kúrú. Pirelli ló ṣe èyí tó lókìkí jù, P7, láàárín ọdún 1970 sí 1979, fún ìdíje tí ọkọ̀ asáré Lancia Stratos ń lọ, ó sì fi okùn náílọ́ọ̀nù wé e yípo lábẹ́ ojú rẹ̀ kí ó má baà fẹ̀ bí eré bá pọ̀. Kò pẹ́ tí Porsche fi gbà á. Ní ọdún 1978, Porsche 911 Turbo gun rímù 16 íǹṣì, pẹ̀lú táyà 205/55 níwájú àti 225/50 lẹ́yìn. Kí òǹkàwé wo ẹ̀gbẹ́ táyà Corolla tí wọ́n páàkì sí Òkè-Fíà: nọ́ńbà táyà iwájú ọkọ̀ asáré ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ fi ń gbé ìrẹsì bọ̀ láti ọjà báyìí.

Ìṣirò tó wà nínú nọ́ńbà náà ni gbogbo ọgbọ́n àṣà yìí. Nínú 205/55R16, 205 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà. 55 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú ìdá ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà, ìyẹn nǹkan bí 113 mìlímítà. 16 sì ni íǹṣì rímù. Àpapọ̀ gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ dé òkè jẹ́ nǹkan bí 632 mìlímítà. Ẹni tó bá fẹ́ rímù 17 yóò mú 225/45: ẹ̀gbẹ́ á di nǹkan bí 101, àpapọ̀ á di 634. Ẹni tó bá fẹ́ 18 yóò mú 225/40: ẹ̀gbẹ́ á di 90, àpapọ̀ á di 637. Rímù fi íǹṣì méjì tóbi sí i, síbẹ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò fi sísanra ìka kan ga sí i, torí pé inú táyà ni irin ń wọ̀ lọ. Ẹni tó bá fi rímù ńlá kún táyà gíga kò tẹ̀lé àṣà yìí rárá. Táyà rẹ̀ á máa ha abẹ́ fẹ́ńdà, aago eré inú ọkọ̀ á sì máa sọ iye tó kéré sí òtítọ́.

Bí ilé iṣẹ́ fúnra wọn ṣe tẹ̀lé e hàn lára Golf GTI: 13 íǹṣì ní ọdún 1976, 14 nígbà tí ìran kejì dé, 17 lábẹ́ ìran karùn-ún tó jáde ní ọdún 2004. Ọkọ̀ ìdíje Formula 1 ló pẹ́ jù, ó yani lẹ́nu. Orí 13 íǹṣì ló wà títí ó fi bọ́ sórí 18 ní ọdún 2022.

Ọkọ̀ tòkunbọ̀ ló gbé àṣà náà wọ Òṣogbo, pàápàá lẹ́yìn tí ìlú di olú-ìlú ìpínlẹ̀ ní ọdún 1991 tí ọkọ̀ sì pọ̀ sí i. Rímù tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó ní jàǹbá lókè òkun ń bá kọ̀ǹtẹ́nà wọlé, àwọn tó ń tà á sì ń fi okùn so ó kọ́ síwájú ìsọ̀. Fọ́kànáísà tó mọ iṣẹ́ kì í fi ojú wọ̀n ọ́n. Golf láti ìran karùn-ún àti ọ̀pọ̀ Benz jọ ń lo ihò nọ́ọ̀tì márùn-ún tó tò yípo lórí òbìrí 112 mìlímítà, nítorí náà rímù Benz á bá Golf mu. Ṣùgbọ́n ihò àárín ti Benz jẹ́ mìlímítà 66.6, ti Golf jẹ́ 57.1, bí wọn kò bá sì fi òrùka dí àlàfo náà, sítíárìn lè máa gbọ̀n kí ọkọ̀ tó kúrò ní Ọláìyá bọ́ sí ọ̀nà Gbọ̀ngán. Òbìrí ihò nọ́ọ̀tì ti Camry jẹ́ 114.3. Àwọn kan ń fi agbára dè é mọ́ Golf nítorí mìlímítà méjì ó lé díẹ̀ yẹn. Ìwà òmùgọ̀ ni mo kà á sí. Ó yẹ kí wọ́n tún wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT lára táyà, nítorí pé 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019, bó ti wù kí ojú rẹ̀ ṣì dúdú tó.

Títì tó dán ni wọ́n ṣe ẹ̀gbẹ́ táyà kúkúrú fún. Nígbà òjò, tí omi bá bo kòtò, mìlímítà 90 kò tó láti gba ìkọlù náà, rímù ló ń tẹ̀ tàbí kí ó sán, ẹni tó bá sì ní kí wọ́n fi iná jó àlọ́ì tó sán pọ̀ ń fi ẹ̀mí ṣeré. Lójú tèmi, 17 pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ 45 ni kí ẹni tó ń gbé ìlú yìí má kọjá. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kòtò ti sú ń padà sí 16, àwọn mìíràn sì ń béèrè bóyá Golf GTI ìran karùn-ún lè gba 15. Kò lè gbà á: dísìkì iwájú rẹ̀ fẹ̀ tó 312 mìlímítà, kálípà tó gùn ún kò sì jẹ́ kí rímù 15 wọlé.