Ìgò Méjì, Èkúté Kan: Bí Wọ́n Ṣe Ń Wádìí Oògùn Ìsoríkọ́ àti Ọtí Mímu

Bí ẹni tó lo oògùn ìsoríkọ́ nígbà èwe bá di ọ̀mùtí nígbà tó dàgbà, kí ló fà á: ṣé oògùn ni, àbí ìsoríkọ́ fúnra rẹ̀? Ìsoríkọ́ nìkan ti tó láti ti èèyàn sídìí ọtí. Kò sì sẹ́ni tó máa fún ọmọ tí nǹkan kan ò ṣe lóògùn, kó lè wò ó bóyá yóò máa mutí lẹ́yìn ọ̀la. Èkúté ló kù tó ń ru ẹrù náà.

Oògùn tí wọ́n sábà ń lò ni fluoxetine, Prozac tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 1987. Kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tètè fa sẹrotóníìn, kẹ́míkà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ síra wọn, padà lẹ́yìn tó bá tú jáde. Nínú ọpọlọ àgbà, ońṣẹ́ ni sẹrotóníìn. Nínú ọpọlọ tó ṣì ń dàgbà, ó tún ń ṣe bíríkìlà: ó wà lára ohun tó ń darí bí àwọn sẹ́ẹ̀lì ṣe ń so mọ́ra. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2004, eku tó gba fluoxetine láàárín ọjọ́ 4 sí 21 lẹ́yìn ìbí di ojo nígbà tó dàgbà, bẹ́ẹ̀ oògùn náà ti dáwọ́ dúró tipẹ́.

Láti wá wo ti ọtí, wọ́n á pín ọmọ ìyá kan náà sọ́nà méjì. Àwọn kan á gba fluoxetine, àwọn yòókù á gba omi iyọ̀ lásán, abẹ́rẹ́ kan náà, wákàtí kan náà, nítorí gígún nìkan tó láti kó ìpayà bá èkúté. Lẹ́yìn náà, wọ́n á dúró. Ẹ̀dọ̀ máa ń sọ fluoxetine di norfluoxetine, tí òun náà ń ṣiṣẹ́, tó sì ń pẹ́ lára jù ú lọ. Ẹni tó bá kánjú gbé ọtí wá, oògùn tó ṣẹ́ kù lára ló ń wọ̀n, kì í ṣe àpá tó fi sílẹ̀.

Ìgò wá kàn. Omi wà nínú ọ̀kan, ọtí tí wọ́n fomi là wà nínú èkejì, èkúté á mu èyí tó wù ú. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé ìgò sórí ìwọ̀n, tí wọ́n sì ń pààrọ̀ àyè wọn, torí èkúté mìíràn ò nífẹ̀ẹ́ ọtí, ọwọ́ ọ̀tún ló fẹ́ràn. Wọ́n tún ń so ìgò mọ́ àgò tó ṣófo, kí wọ́n lè yọ èyí tó kán dànù kúrò nínú ìṣirò. Gíráàmù ọtí lórí kílò ara ni èsì.

Mímu púpọ̀ kò tíì di bárakú o. Àwọn kan ń po kuiníìnì kíkorò mọ́ ọtí náà, kí wọ́n lè mọ èyí tí kò ní lè fi í sílẹ̀.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni pé èkúté tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ló sábà ń gba oògùn náà. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùwádìí kan fi máa ń kọ́kọ́ ya ọmọ èkúté kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ fún wákàtí mélòó kan lójoojúmọ́, kí ọkàn rẹ̀ lè dàrú díẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó dé.